Kútẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ dídán fún àsìkò òjò àkọ́rọ̀: bẹ́ ẹ ṣe máa yàn án àti bẹ́ ẹ ṣe máa kùn ún fúnra yín nílé

Ẹ̀yin ọmọge, ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ṣì fẹ́ràn oge, ọyẹ́ ti lọ o. Òjò àkọ́rọ̀ ti ń fọ eruku kúrò lórí páànù káàkiri Abẹ́òkúta, kajú pupa àti kajú yẹ́lò ti kún orí àtẹ, àgbálùmọ̀ ti ń lọ sópin, máńgòrò ti ń pọ́n bọ̀ lẹ́yìn, àwọn igi tó ti wọ́wé nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ti ń rúwé tuntun. Lókè òkun lọ́hùn-ún, oṣù kẹta sí ìkarùn-ún yìí náà ni wọ́n ń pè ní ìgbà ìrúwé, tí òtútù bá ti lọ tí wọ́n ti bọ́ kóòtù sílẹ̀, kútẹ́ẹ̀sì wọn náà á yí padà, àwọn àwọ̀ tó ṣú á wọlé lọ, pínkì, yẹ́lò, àwọ̀ ewé àti búlùú ojú sánmà á jáde. Àwòrán ẹ̀ ló máa ń kún orí fóònù wa lásìkò yìí, àwa náà á sì fẹ́ kùn ún, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀. Ibi tó ti ń dojú rú ni pé ọwọ́ tó wà nínú àwòrán yẹn, ọwọ́ òyìnbó ni lọ́pọ̀ ìgbà, èèyàn á lọ ra àwọ̀ yẹn gẹ́lẹ́, á kùn ún tán, á wá máa wo ọwọ́ ara ẹ̀ pé kí ló dé tí kò jọ tinú àwòrán. Kò sóhun tó ṣe ọwọ́ yín. Àwọ̀ ló yẹ ká yàn dáadáa.

Ohun tó fà á rèé. Àwọn àwọ̀ ìgbà ìrúwé tiwọn, èyí tó máa ń tutù lójú yẹn, funfun ló pọ̀ nínú ẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú funfun kan wà tí wọ́n ń pè ní titanium dioxide, òun ni wọ́n fi ń bu àwọ̀ là kó lè tutù. Lára ẹni tó pupa gan-an, ó lè bá a mu. Lára àwa tá a dúdú, ìka á wá dà bí ìka tí wọ́n fi ẹfun pa, awọ tó yí èékánná ká á sì máa ṣe eléérú, pàápàá tí ọyẹ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ tí ara ò tíì bọ̀ sípò. Torí náà ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí ni pé kó wá àwọ̀ tó kún. Pínkì tó jẹ́ pínkì lóòótọ́. Yẹ́lò tó jẹ́ yẹ́lò. Awọ dúdú lágbára láti gbé àwọ̀ tó le, ó máa ń jẹ́ kó tàn yanran, oore tí Ọlọ́run ṣe wá nìyẹn, ẹ jẹ́ ká lò ó.

Àwọn àwọ̀ náà, ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni olómi ọsàn, àti kóràlì tó wà láàárín ọsàn àti pínkì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ èyí tí mò ń sọ, ẹ wo èèpo àgbálùmọ̀ tó pọ́n dáadáa, àwọ̀ yẹn gan-an ni. Mi ò tíì rí ẹni tí kò yẹ, ẹni dúdú, ẹni pupa, ọmọdébìnrin, ìyá àgbà. Tó bá jẹ́ pé ẹ ò kun àwọ̀ dídán rí, tẹ́ ẹ̀ ń ṣojo, tẹ́ ẹ̀ ń rò ó pé kí làwọn èèyàn máa sọ, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Yẹ́lò lẹ́wà ṣùgbọ́n ó ní wàhálà tiẹ̀. Yẹ́lò tó tutù, tó fẹ́ẹ́ funfun, kì í gbé ọwọ́ ẹni dúdú yọ, kẹ́ ẹ lọ sí ti inú máńgòrò, yẹ́lò tó ti ń lọ sọ́dọ̀ ọsàn. Wàhálà ẹ̀ ni pé kì í bo èékánná bọ̀rọ̀, tẹ́ ẹ bá kùn ún lẹ́ẹ̀kan, ojú ibi tí bọ́rọ́ọ̀ṣì gbà á máa hàn kedere, ibì kan á nípọn ibì kan á fẹ́lẹ́, ẹ ó wá máa gbé òmíì lé e títí á fi ki tí kò sì ní gbẹ mọ́. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi kútẹ́ẹ̀sì funfun kun èékánná fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó wá gbé yẹ́lò lé e. Funfun abẹ́ yẹn ló máa jẹ́ kó tàn. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ máa ṣe fún àwọn ọsàn àti pínkì tó máa ń ta sójú gan-an, wọ́n ń fẹ́ funfun lábẹ́ kí wọ́n tó lè jẹ́ ara wọn.

Pínkì, ẹ mú èyí tó gbóná, ó parí.

Àwọ̀ ewé lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sá fún, wọ́n á ní kì í ṣe àwọ̀ èékánná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dán an wò. Ẹ wo ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú ara ẹ̀ sílẹ̀, tí kò tíì ṣí tán, tí ìdajì ẹ̀ ṣì ká, inú ẹ̀ níbi tí oòrùn ò tíì fi bẹ́ẹ̀ dé yẹn, àwọ̀ ewé tó mọ́ tó sì tún ní yẹ́lò díẹ̀ nínú. Ìyẹn lẹ máa wá. Lórí èékánná kúkúrú tẹ́ ẹ fi fáìlì gbọn yípo dáadáa, kò sí àwọ̀ tó fi ìrúwé hàn tó ìyẹn. Èyí tó tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n ń pè ní mint, ó dáa tó bá ṣáà ní àwọ̀ ewé tó tó nínú, tí kì í ṣe funfun tí wọ́n kàn fi ewé tọ́ lẹ́nu.

Búlùú ojú sánmà náà dáa, èyí tó ń lọ sọ́dọ̀ túkọ́ọ̀sì, búlùú tó ní àwọ̀ ewé díẹ̀ nínú, ló yẹ wa jù. Kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún un o, búlùú àti àwọ̀ ewé wà lára àwọn tó máa ń dá àbàwọ́n sára èékánná, kùn ún fún ọ̀sẹ̀ méjì láìsí nǹkankan lábẹ́ ẹ̀, ẹ bọ́ ọ kúrò kẹ́ ẹ wò ó, èékánná á ti yí àwọ̀ padà.

Elésè àlùkò tó tutù, èyí tí òyìnbó ń pè ní lavender, òun ló máa ń ṣe eléérú jù lára wa. Mi ò ní kẹ́ ẹ má kùn ún, ó kàn gba kẹ́ ẹ wá èyí tí pínkì pọ̀ nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi òróró pa ọwọ́ dáadáa lẹ́yìn tó bá gbẹ.

Ẹ tún wo bí kútẹ́ẹ̀sì náà ṣe rí fúnra ẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ àwọ̀ gidi láìní nǹkan tó ń dán nínú, àwọn kan ní dídán wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ nínú, àwọn kan ní gílítà gidi. Èyí tó ní dídán máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀, tó bá ya lẹ́nu kò ní tètè hàn. Ẹni tó bá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kùn ún, tó sì jẹ́ pé ọwọ́ ẹ̀ ṣì ń gbọ̀n, kó fi ìyẹn kọ́ ọwọ́.

Tó bá jẹ́ àdìrẹ lẹ máa wọ̀

Nílùú tiwa ńbí, ó pẹ́ ni ó yá ni, ẹ máa wọ àdìrẹ. Àsìkò Líṣàbí tó sábà máa ń bọ́ sí oṣù kẹta, ọdún Àjíǹde, ìgbéyàwó lọ́tùn-ún lósì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kí èèyàn wọ àdìrẹ aláró, búlùú tó jinlẹ̀ yẹn, kó wá kun búlùú sọ́wọ́ torí kó lè bá aṣọ mu. Kò ní hàn. Ọsàn ni kẹ́ ẹ kùn, tàbí yẹ́lò máńgòrò, torí ọsàn ló dojú kọ búlùú nínú ètò àwọ̀, bí àwọn méjèèjì bá ti pàdé, ńṣe ni ọ̀kọ̀ọ̀kan á máa mú èkejì tàn sí i. Ẹ na ọwọ́ tẹ́ ẹ kùn ní ọsàn lé orí àdìrẹ aláró lójú oòrùn kẹ́ ẹ wò ó, ẹ ò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnì kankan mọ́.

Kàm̀pálà tó ní àwọ̀ mẹ́rin márùn-ún, ẹ má mú àwọ̀ tó pọ̀ jù lára ẹ̀. Ẹ wo èyí tó kéré jù, tó kàn yọjú níbì kan tó sì tún sá, kẹ́ ẹ mú ìyẹn fún èékánná. Ẹ̀ẹ́ rí i pé aṣọ àti ọwọ́ á máa dá ara wọn lóhùn. Aṣọ ẹbí náà, ọ̀nà kan náà ni, àti gèlè náà.

Àwọ̀ mélòó ló yẹ kó wà lọ́wọ́? Èmi fara mọ́ ọ̀kan tàbí méjì. Kóràlì lórí ìka mẹ́rin, yẹ́lò lórí ìka òrùka, ó rẹwà. Ìka márààrún pẹ̀lú àwọ̀ márùn-ún, àwọn ọmọdé ló máa ń yẹ.

Ní ọjà

Tẹ́ ẹ bá dé Kútọ̀ tàbí Ìtòkú tàbí ibikíbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ rà á, ẹ má yan kútẹ́ẹ̀sì lábẹ́ agboòrùn. Àwọn agboòrùn ńlá tí wọ́n ń ta ọjà sí abẹ́ ẹ̀ yẹn, pupa, búlùú, àwọ̀ ewé, bí oòrùn bá là á kọjá ó máa ń da àwọ̀ tiẹ̀ sórí gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀. Abẹ́ agboòrùn pupa, gbogbo pínkì á jọ kóràlì. Ẹ gbé ìgò náà jáde síta. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n gbé e bọ́ sójú oòrùn wò, mi ò lọ jìnnà." Wọ́n á ní, "Gbé e wò, àbúrò mi, ṣáà má jẹ́ kó já lọ́wọ́ ẹ." Kò sẹ́ni tó máa bínú sí i. Inú ṣọ́ọ̀bù náà, gúlóòbù lè tan èèyàn jẹ, ẹ bọ́ sẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ gbé ìgò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka, kì í ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ́lẹwọ́ o, àtẹ́lẹwọ́ wa pupa ju ẹ̀yìn ọwọ́ lọ, ẹ̀yìn ọwọ́ sì ni wọ́n máa rí. Kẹ́ ẹ wo ara ìgò pé ó ní nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa kú. Tẹ́ ẹ bá rí "3-free" lára ẹ̀, ohun tó túmọ̀ sí ni pé kò sí toluene, kò sí formaldehyde, kò sí dibutyl phthalate nínú ẹ̀, àwọn kẹ́míkà mẹ́ta tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ti ń yọ kúrò torí wàhálà tí wọ́n lè dá sílẹ̀ fún ara. Mo máa ń wá a, mo sì máa ń ní kí gbogbo aláboyún wá a. Tí àwọ̀ bá ti sùn sísàlẹ̀ ìgò tí omi kan dúró lókè, ẹ yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, tó bá pa pọ̀ padà kò sí wàhálà. Tẹ́ ẹ bá fa bọ́rọ́ọ̀ṣì jáde tí kútẹ́ẹ̀sì ń fà yọ̀ọ̀ bí ewédú, ó ti gbó, ẹ dá a padà.

Tẹ́ ẹ bá ti ra méjì mẹ́ta délé tẹ́ ò sì mọ èyí tẹ́ ẹ máa lò, ẹ má wulẹ̀ máa kùn ún, máa bọ́ ọ, máa kùn ún. Ẹ fa sẹ́lótéèpù tó mọ́ gaara sórí ike tàbí orí táìsì, ẹ kun àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lé e lẹ́ẹ̀mejì, kó gbẹ, ẹ gé e níwọ̀n èékánná, ẹ wá gbé e lé orí èékánná yín. Ẹ wò ó lójú oòrùn, ẹ wò ó nínú ilé, ẹ wò ó nígbà tí gúlóòbù bá tàn lálẹ́. Èyí tó dáa níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ máa mú.

Iṣẹ́ ọwọ́ yín náà ṣe pàtàkì. Ẹni tó ń dáná fún títà, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ kùn, torí kútẹ́ẹ̀sì tó bá ya lè já sínú oúnjẹ. Àwọn nọ́ọ̀sì náà mọ̀ pé wọn ò fẹ́ ẹ lọ́wọ́ níbi iṣẹ́. Ẹsẹ̀ máa ń gba àwọ̀ dídán ju ọwọ́ lọ pàápàá, ó sì máa ń pẹ́ lára ẹ̀. Ẹni tó bá ń fọwọ́ fọṣọ, tó ń gbo ẹ̀fọ́, tó ń fọwọ́ jẹ àmàlà láfún lójoojúmọ́, kó mọ̀ pé epo pupa àti ata máa ń kùn àwọ̀ tó tutù, yẹ́lò rírẹlẹ̀ àti funfun á dọ̀tí kó tó dọjọ́ kẹta, kóràlì àti pínkì tó gbóná ò ní bìkítà.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí bíi tèmi, ẹ mọ̀ pé kútẹ́ẹ̀sì kì í jẹ́ kí omi àlùwàlá kan èékánná. Ẹ kùn ún lásìkò tẹ́ ò bá kírun, kẹ́ ẹ bọ́ ọ kẹ́ ẹ tó wẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ àwọ̀ lọ́wọ́ nígbà gbogbo, làálì wà, kì í dí omi lọ́nà, ọsàn tó máa ń fi sórí èékánná sì wà lára àwọ̀ àsìkò yìí gan-an. Kẹ́ ẹ yẹra fún làálì dúdú tó máa ń yá ní kíákíá yẹn, wọ́n máa ń po kẹ́míkà tó lè bó èèyàn lára mọ́ ọn.

Kíkùn ún

Ẹ mú ọjọ́ tí ọwọ́ dilẹ̀, ọ̀sán Sunday dáa, kì í ṣe alẹ́ tẹ́ ẹ ti fẹ́ sùn. Kútẹ́ẹ̀sì lè dà bí ẹni pé ó ti gbẹ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àmọ́ inú ẹ̀ á ṣì rọ̀ fún wákàtí mélòó kan, tẹ́ ẹ bá sùn lé e, ojú aṣọ ìrọ̀rí á yà sára ẹ̀. Tí ojú ọjọ́ bá sì tutù tó ní ọ̀rinrin torí òjò, ẹ fún un ní àyè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ má kun kútẹ́ẹ̀sì, ẹ má sì ṣí àsítóònù, omi tí wọ́n fi ń bọ́ kútẹ́ẹ̀sì, níbi tí sítóòfù tàbí gáàsì ti ń jó, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbẹ́là nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ń gbiná wàràwàrà, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára wọn pàápàá ń gbiná. Tí iná bá lọ, ẹ dúró kó dé, tàbí kẹ́ ẹ lo tọ́ọ̀ṣì. Kẹ́ ẹ sì gbé e síbi tọ́wọ́ ọmọdé ò ní tó.

Ẹ bọ́ èyí tó wà lára tẹ́lẹ̀ kúrò, ẹ gé èékánná, ẹ fi fáìlì gbọ́n ọn lọ sí apá kan ṣoṣo, láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Lílọ bíbọ̀ bíi ayùn ló máa ń jẹ́ kó fọ́ lẹ́nu. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà ní ìdí èékánná, ẹ fi òróró àgbọn tàbí òrí rọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ wá fi igi ìtayín tẹ́ ẹ we òwú mọ́ lẹ́nu tì í sẹ́yìn jẹ́jẹ́. Ẹ má gé e. Awọ yẹn ló ń dí ọ̀nà mọ́ ìdọ̀tí àti kòkòrò, ibi tí wọ́n bá ti gé e ni ọmọ ìka ti ń wú tó ń ṣọyún. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń ṣe èékánná láàárín ọjà máa ń gé e tónítóní, ó máa ń wu ojú, mi ò sì fara mọ́ ọn rárá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má fi ọwọ́ sínú omi. Èyí ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu torí ní sàlọ́ọ̀nù wọ́n á kọ́kọ́ rẹ ọwọ́. Èékánná máa ń mu omi, á wú, ẹ ó wá kun kútẹ́ẹ̀sì lé e, nígbà tó bá gbẹ tó sún kì padà, kútẹ́ẹ̀sì ò lè bá a sún kì, ìdí nìyẹn tó fi máa ń ya lọ́jọ́ kejì. Tẹ́ ẹ bá fọ ọwọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kẹ́ ẹ wá fi òwú tó ní àsítóònù díẹ̀ nu orí èékánná kọ̀ọ̀kan kí òróró tẹ́ ẹ fi pa á lè kúrò, torí kútẹ́ẹ̀sì kì í dì mọ́ òróró.

Béèsì ló kàn, kútẹ́ẹ̀sì aláìláwọ̀ tó máa ń wà lábẹ́. Ẹ má fò ó. Òun ló ń dí àbàwọ́n lọ́nà, òun ló sì ń di àwọ̀ mú. Tó bá gbẹ tán, ẹ yí ìgò àwọ̀ yín láàárín àtẹ́lẹwọ́, ẹ má gbọ̀n ọ́n bí ẹni ń gbọn oògùn ikọ́, gbígbọ̀n ló ń kó afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀ tó fi máa ń yọ róró kéékèèké lórí èékánná.

Ẹ fa bọ́rọ́ọ̀ṣì jáde, ẹ nu ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan sí ẹnu ìgò, kó ku ti ẹ̀gbẹ́ kejì nìkan. Ẹ gbé e lé àárín èékánná, kó má tíì kan awọ ìdí ẹ̀, ẹ fi àlàfo tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun sílẹ̀. Ẹ rọra tì í sẹ́yìn díẹ̀ títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan awọ, ẹ wá fà á wá síwájú lẹ́ẹ̀kan náà láìdúró. Ẹ fà á lápá òsì, ẹ fà á lápá ọ̀tún. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ó tó, ẹ gbé ọwọ́ kúrò. Ẹni tó bá ń padà síbi tó ti kùn tó ti ń gbẹ ló máa bà á jẹ́. Kẹ́ ẹ wá fi ẹnu bọ́rọ́ọ̀ṣì tọ́ etí èékánná níwájú, níbi tó ti pin gan-an, kí kútẹ́ẹ̀sì bò ó mọ́lẹ̀, torí ibẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń ya.

Ìgbà àkọ́kọ́ ò ní bo èékánná tán, kò sì yẹ kó bò ó tán. Kó fẹ́lẹ́. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀kejì, tó bá jẹ́ yẹ́lò tàbí àwọn tó tutù, ẹ lè kùn ún lẹ́ẹ̀kẹta. Fífẹ́lẹ́ mẹ́ta sàn ju kíki kan lọ ní gbogbo ọ̀nà, èyí tó ki á gbẹ lókè, abẹ́ ẹ̀ á ṣì tutù, ìgbà tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan báàgì báyìí ni gbogbo ẹ̀ á yí. Ẹ wá fi tọ́ọ̀pù kóòtù, kútẹ́ẹ̀sì aláìláwọ̀ tó máa ń wà lókè, parí ẹ̀, ẹ tún fi tọ́ etí níwájú. Bẹ́ ẹ bá ta sára awọ, ẹ má fi ọwọ́ nù ún, ẹ ti igi ìtayín bọ àsítóònù kẹ́ ẹ fi yọ ọ́. Ọwọ́ tẹ́ ò máa fi ṣiṣẹ́ púpọ̀ lẹ máa fi kùn lẹ́yìn, ẹ gbé ìgbọ̀nwọ́ lé orí tábìlì kó má baà gbọ̀n.

Nípa jíẹ̀lì, èyí tó ń fẹ́ lámpù, tí wọ́n ti ń tà á fún ìlò ilé báyìí, ìmọ̀ràn tèmi ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀. Tí kò bá gbẹ dáadáa tàbí tó ń kan awọ léraléra, ó lè mú kí ara máa kọ̀ ọ́, ohun tí òyìnbó ń pè ní allergy, tí kì í lọ mọ́.

Lẹ́yìn tó bá ti gbẹ

Ẹ má fọ abọ́ pẹ̀lú omi gbígbóná lọ́jọ́ yẹn. Ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ẹ tún fi tọ́ọ̀pù kóòtù fẹ́ẹ́rẹ́ lé e, ó lè gbà yín ní ọ̀sẹ̀ kan. Tẹ́ ẹ bá ń fọṣọ, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ẹ fi òróró pa ìdí èékánná lálaalẹ́, òun ló ń jẹ́ kí àwọ̀ náà máa rí bó ṣe rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Tó bá ti ń ya, ẹ má fi eyín bó o, ẹ má fi bíléèdì há a. Èékánná ò nípọn, orí ẹ̀ ló máa bá kútẹ́ẹ̀sì lọ. Ẹ rẹ òwú sínú àsítóònù, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ èékánná bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ wá nù ún kúrò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ fi òrí pa á, àsítóònù máa ń gbẹ èékánná gan-an. Àwọn èèyàn máa ń ní kí èékánná sinmi kó lè mí. Èékánná kì í mí, ẹ̀jẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí i tó ń ṣe funfun lábàlábà tó ń hó, ẹ fi í sílẹ̀ láìkùn ún fún ìgbà díẹ̀. Tó bá ti pọ́n díẹ̀ torí àwọ̀, kò léwu, á máa dàgbà lọ síwájú, èékánná ọwọ́ ń gùn tó mìlímítà mẹ́ta lóṣù, ẹ ó máa gé e kúrò díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá nípọn lódì, tó di àwọ̀ ewé láìjẹ́ pé ẹ kùn ún, tàbí tó ní ìlà dúdú tuntun tí ẹ ò mọ ohun tó fà á, ẹ má fi kútẹ́ẹ̀sì bò ó, ẹ lọ fi han dókítà.

Ìgò tó kù, ẹ fi àsítóònù nu ẹnu ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé e, kó lè ṣeé ṣí nígbà mìíì. Ẹ gbé e dúró ní òró nínú kọ́bọ́ọ̀dù, jìnnà sí oòrùn àti ooru, ẹ má fi í sórí fèrèsé. Tó bá ń ki, omi tí wọ́n dìídì ṣe fún un, nail polish thinner, ni kẹ́ ẹ kán méjì mẹ́ta sí i. Àsítóònù kọ́ o, òun máa ń tú kútẹ́ẹ̀sì ká ni, kò ní dán mọ́, kò sì ní dì mọ́ èékánná.